Ọmọlúàbí Lẹ́yìn Kámẹ́rà

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò aṣọ àti oge ń kọ́ bí a ti í sọ̀rọ̀ láì la ẹnu. Ibi tó gbé iná sí, ibi tó ní kí ẹni tó wọ aṣọ kọjú sí, ohun tó jẹ́ kó hàn àti èyí tó gé dànù, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ nǹkan fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò. Bó bá sì ṣe pé ọ̀rọ̀ ni fọ́tò, a jẹ́ pé òfin tó de ẹnu ọmọlúàbí ló de kámẹ́rà rẹ̀ náà: kò gbọdọ̀ parọ́, kò gbọdọ̀ dójú ti ọmọlọ́mọ, kò sì gbọdọ̀ gba iyì oníyì mọ́ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé iṣẹ́ ni àwọn wá kọ́, pé ilé ni àwọn ti kó ìwà bọ̀. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ tí a fi ń ṣe é gan-an ni ìwà ti ń hàn, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò sì ṣòro: ṣé onífọ́tò lè ṣàlàyé bó ṣe ṣe fọ́tò náà, láìfi ohunkóhun pamọ́, lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀, lójú ẹni tó ṣe aṣọ, àti lójú ẹni tí yóò wò ó? Bí ojú bá ń tì í láti ṣàlàyé fún ẹyọ kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ náà kò tíì yẹ ọmọlúàbí, bó ti wù kó dán tó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó wà nínú fọ́tò. Ká sọ pé obìnrin adúláwọ̀ kan wọ léèsì funfun, ó wé gèlè funfun lé e. Mítà tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ̀ pé ènìyàn ni. Ohun yòówù tó bá rí, ó fẹ́ kó wà láàárín dúdú àti funfun. Bó bá ti rí funfun rẹpẹtẹ, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú obìnrin náà á wá ṣókùnkùn débi pé a ò ní rí ẹ̀rẹ̀kẹ́, a ò ní rí ilà, a ò ní rí ẹ̀rín. Ọ̀nà méjì ni onífọ́tò lè gbà yọ nínú rẹ̀. Ó lè díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ láti ojú obìnrin náà, kó fi pátákó funfun da ìmọ́lẹ̀ padà sí i lójú, kó sì máa ṣọ́ ọ kí iṣẹ́ ara léèsì má baà pòórá. Ó sì lè yà á bẹ́ẹ̀, kó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kó bó o láwọ̀ títí tí yóò fi di ẹlòmíràn. Lóòótọ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ òní ló dá ìṣòro yìí sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí káàdì tí Kodak ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò láti fi díwọ̀n àwọ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n ara gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé wọn kò ro tòun mọ́ irinṣẹ́ náà, tó sì kọ̀ láti kọ́ bí a ti ń lò ó fún àwọ̀ tiwa, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí ohun tí àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀. Àìkọ́ṣẹ́ yanjú rẹ̀ ti di àìbọ̀wọ̀ fún ènìyàn.

Ọ̀wọ̀ yìí kò pin sórí àwọ̀. Ẹni tó dúró níwájú kámẹ́rà kò rí ohun tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń rí. Ó ti fi ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ní ọdún 2017, LVMH àti Kering, ilé-iṣẹ́ aṣọ ńláńlá méjì nílẹ̀ Faransé, ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní lo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láti fi aṣọ àgbàlagbà hàn. Ní 2018, Condé Nast tó ń tẹ ìwé ìròyìn Vogue gbé ìlànà tirẹ̀ jáde: kò gbọdọ̀ sí ọtí níbi iṣẹ́, bí aṣọ tó ń fi ara hàn bá sì wà nínú ètò, mọ́dẹ̀lì gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kó sì ti gbà ṣáájú. Ìlànà dára, ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn mọ́dẹ̀lì ti ké gbàjarè tán ni ó tó dé. Ọmọlúàbí kì í dúró de òfin kó tó ní ìtìjú. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sọ ohun tí fọ́tò wà fún àti ibi tí yóò dé, kó sì mọ̀ pé “bẹ́ẹ̀ ni” tí ẹ̀rù fà jáde lẹ́nu ènìyàn kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Ẹnì kejì ni ẹni tó ṣe ohun tí a ń yà. Ní 1968 ni J. D. ’Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà lọ́kan-ò-jọ̀kan. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń kọjú kámẹ́rà sí, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀, débi pé ẹni tó ń wò ó lè fi ojú tọ ibi tí wọ́n ti ya irun àti ibi tí ìdì kọ̀ọ̀kan gbà. Iṣẹ́ onídìrí, tí wọn ì bá tú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ló gbé síwájú aráyé. Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New York ní 1991, tí wọ́n pàtẹ fọ́tò tí Seydou Keïta yà ní Bamako, tí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò mọ ẹni tó yà wọ́n, nígbà tí bàbá náà ṣì wà láàyè. Ó dùn wá, ó sì yẹ kó dùn wá. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn wá yìí la máa ń ṣe fún aládìrẹ. Obìnrin kan ní Abẹ́òkúta po láfún, ó fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó rẹ ẹ́ sínú aró. Fọ́tò aṣọ náà jáde lórí Instagram, orúkọ onífọ́tò wà níbẹ̀, ti mọ́dẹ̀lì wà níbẹ̀, tirẹ̀ kò sí. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí a gbé aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábẹ́ iná dáadáa, ká jẹ́ kí oníbàárà máa rò pé ọwọ́ ènìyàn ló ya ọnà ara rẹ̀.

Ẹnì kẹta ni ẹni tí yóò wo fọ́tò náà. Àwọn kan yóò sọ pé kò sí fọ́tò tí kì í ṣe àrà, pé àwọn bàbá wa náà dá a. Òótọ́ ni. Nínú àpilẹ̀kọ tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1978, ó ṣàlàyé ohun tó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á so ó pọ̀ kó dà bíi pé àwọn méjèèjì ló jókòó. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọn á wọ aṣọ èkejì fún èyí tó kù. Àrà ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n tàn? Ìyá mọ̀, ilé mọ̀, ẹni tó yà á mọ̀. Wọ́n fi yẹ́ ẹni tó lọ sí ni. Fọ́tò ìpolówó tí wọ́n ti fún ìbàdí mọ́dẹ̀lì pọ̀ tí wọ́n sì ti bó o lára kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń wò ó kò mọ̀, àìmọ̀ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń tajà, òun náà á sì wá ọṣẹ tó ń bó ara lọ. Ìdí nìyẹn tí Faransé fi pàṣẹ láti oṣù kẹwàá 2017 pé kí wọ́n kọ ọ́ sára fọ́tò ìpolówó pé wọ́n ti tún ara mọ́dẹ̀lì ṣe. Norway náà ṣe irú rẹ̀ ní 2022.

Àwọn mìíràn yóò ní ebi ń pa onífọ́tò, ẹni tó sanwó ló sì ni àṣẹ. Èmi náà gbà pé ẹni tó ní kí a bá òun pa irorẹ́ rẹ́ nínú fọ́tò ìgbéyàwó kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Òun ló lojú. Mo sì gbà pé ọmọ iṣẹ́ kò lè bá ọ̀gá jà. Ṣùgbọ́n ó lè fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, “Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, ṣé ẹni tó ni ojú yìí mọ̀ pé a fẹ́ bó o láwọ̀?” Lórí ọ̀gá ni ẹrù náà sì ti wúwo jù. Ilé-ìwé tó ń kọ́ni ní fífi àwòrán bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ fi máàkì sórí ìmọ́lẹ̀ àti àrà nìkan. Ọ̀gá tó fẹ́ ṣe fírídọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́, kó gbé fọ́tò ọmọ náà síwájú mọ́dẹ̀lì, aláṣọ àti ẹni tí yóò ra aṣọ, kó ní kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì kọ́ṣẹ́ tán, kó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́.