Ọwọ́ Tí Ó Gbẹ́ Ilẹ̀kùn Ìjọ

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwa ará Ketu mọ èyí: ní ọjà Mile 12, a kì í bi ẹni tí ó kó tòmátì wá léèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Ilé Ọlọ́run ńkọ́?

Ní 1947, Ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fadá Kevin Carroll sì ń bójú tó o. Bándélé, ọmọ Àreògún agbẹ́gilére, wà níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ, tí ó jẹ́ mùsùlùmí, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn. Wọ́n sì gbẹ́ àwọn amòye tí ó wá kí Jésù ní ìrísí ọba Yorùbá. Àwọn kan ní ìbọ̀rìṣà ni.

Lójú tèmi, igi kọ́ ni ọ̀ràn, ènìyàn ni. Onílù tí a fi owó pè wá sí ìkórè, èé ṣe tí a fi ń ní kí ó jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn? A fẹ́ ìlù rẹ̀, a kọ òun fúnra rẹ̀. Òdodo ha nìyí bí? Lóòótọ́, ìjọ ní ìgbàgbọ́ tí ó gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n fífi àga fún àlejò kò ba ìgbàgbọ́ jẹ́. Ẹni tí ó yẹ láti gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹ láti gba ẹnu rẹ̀ wọlé.