Amaana Tí Ojú Olówó Kò Tó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó mọ ohun tí a fi pamọ́ àti ohun tí a fi hàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Rẹ̀ ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀.

Lóde òní, ọmọ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè lè jókòó sí yàrá rẹ̀, kí ó máa ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tí ń bá ènìyàn ra owó kírípútò, tí ń bá wọn tà á, tí ó sì ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní backend ni láti kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé láti gba owó wọlé, láti san án jáde, àti láti ṣírò iye tí ó kù fún olúkúlùkù. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí owó náà fúnra rẹ̀, a kò sì ní parí àríyànjiyàn yẹn lónìí. Ìbéèrè tiwa ni èyí: bí ọ̀gá bá ní kí òṣìṣẹ́ kọ ìlànà tí yóò rẹ́ oníbàárà jẹ, ṣé ọrùn ọ̀gá nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà?

Àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó mọ alájọ. Bí ó bá gba owó lọ́wọ́ oníkòkó tàbí lọ́wọ́ ẹlẹ́ja láti Ogun Waterside, yóò sàmì sí káàdì lójú olówó, yóò sì kọ ọ́ sí ìwé tirẹ̀. Káàdì àti ìwé gbọ́dọ̀ bára mu. Nínú iṣẹ́ tí à ń wí yìí, nọ́ńbà ojú fóònù ni káàdì; ìwé alájọ wà lẹ́yìn, níbi tí ojú olówó kò tó. Àwọn tí ó kọ ìlànà ni wọ́n mọ̀ bóyá méjèèjì bára mu.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ FTX tí ó wà ní Bahamas wó lulẹ̀. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 8 dọ́là owó oníbàárà ni a kò rí. Ní ilé ẹjọ́ ní New York ní ọdún 2023, Gary Wang, olórí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà níbẹ̀, jẹ́wọ́ pé ìlànà kan wà tí ó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kejì tí ọ̀gá wọn ní máa fa owó ju èyí tí ó ní lọ. Owó oníbàárà ni ó ń fà. Ó tún sọ pé iye owó ìdáàbòbò tí wọ́n ń fi han aráyé kì í ṣe òótọ́. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ṣà mú ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ọ̀gá náà, Sam Bankman-Fried, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n Wang pẹ̀lú ti gbà pé òun jẹ̀bi. Àṣẹ ọ̀gá kò wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Nínú Súúrà An-Nisáì, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a dá amaana padà fún ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí Ànábì wa ń ṣí kúrò ní Mọ́kà ní ọdún 622, tí àwọn ará ìlú ń wá ẹ̀mí rẹ̀, ohun ìní wọn ṣì wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fi Aliyu sílẹ̀ kí ó dá a padà fún olúkúlùkù. Bí amaana ọ̀tá bá wúwo tó bẹ́ẹ̀, ti ẹlẹ́ja tí kò ṣẹ̀ wá ńkọ́?

Òfin ìlú lè yí padà. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ ní ọdún 2021 pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn oníkírípútò. Ó tú àṣẹ náà ká ní ìparí ọdún 2023. Amaana kò yí padà ní tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi ara yín pé: bí olówó bá jókòó tì mí, tí ó sì lè ka ohun tí mò ń kọ, ṣé n ó lè kọ ọ́? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀ fún ọ̀gá. Bí ó bá fi dandan lé e, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. A mọ̀ pé ó nira. Owó ilé ń bẹ nílẹ̀, òbí sì ń retí.

Nítorí náà, ẹ̀bi kan àwa òbí pẹ̀lú. À ń bi ọmọ ní iye tí ó ń gbà, a kì í bi í ní ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe kí ó tó gbà á. Ọmọ tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí amaana, tí ó padà wálé lọ́wọ́ òfo, kí ó má ṣe bá ẹ̀gàn lẹ́nu wa.

Kí Ọlọ́hun fi haláálì tó wa, kí Ó sì má ṣe dójú tì wá ní ọjọ́ ìṣírò. Àmín.