Ìbéèrè Tí Kò Fi Àyè Ìdáhùn Sílẹ̀

  Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti ìyàwó tí a ti dána rẹ̀ tán; ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kí àwọn àgbà tó gbọ́ rárá ni a fẹ́ kí ẹ bá wa rò.

Àṣà kan ti wọ àárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní Òkè Ọya níhìn-ín. Ọmọkùnrin tí ó ti ń bá ọmọbìnrin kan rìn yóò pinnu pé òun fẹ́ fi í ṣe aya, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ ni yóò sọ fún. Yóò ra òrùka, yóò wá ẹni tí yóò máa fi fóònù ya fídíò, wọn yóò sì fi ọgbọ́n tan ọmọbìnrin náà wá síbi tí èrò pọ̀ sí. Bí ó bá ti wọlé, orin á dún, gbogbo ènìyàn á kọjú sí i, ọmọkùnrin á ti wà lórí eékún kan, àpótí òrùka á sì ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é nílé oúnjẹ, wọ́n ń ṣe é ní ọ́fíìsì, wọ́n ń ṣe é ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Àwọn ọ̀dọ́ bi wá pé kí ni a rí sí i. Ìdáhùn wa kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán.

Àwọn àgbà kan wí pé kò dára nítorí pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ó ti wá. Ẹ̀sùn yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú tiwa. Léèsì tí àwọn àgbà kan náà ń wọ̀ lọ síbi ìdána, ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí ó lórúkọ jù nínú rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú, kò sì sí ẹni tí ó bọ́ ọ sílẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ bá òrùka wí, iye owó rẹ̀ ni kí a bá wí. Ní ọdún 1947, obìnrin kan tí ń jẹ́ Frances Gerety, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ìpolówó ọjà ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ De Beers fi ń ta dáyámọ́ńdì, pé títí láé ni dáyámọ́ńdì wà. Ìpolówó ọjà ni, bí èyí tí oníṣòwò ń ké ní ọjà Sabon Gari. Gerety fúnra rẹ̀ kò lọ́kọ títí ó fi kú. Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ó rò pé ìfẹ́ òun kò pé bí òrùka kò bá wọ́n, ọjà ni wọ́n tà fún un. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ìbéèrè náà fúnra rẹ̀. Kí ni à ń pè ní ìbéèrè? Ọ̀rọ̀ ni tí ẹni tí a sọ ọ́ fún lè gbà tàbí kí ó kọ̀, tí ẹni tí ó sọ ọ́ sì ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ èyí jù wá lọ. Bí ẹ bá gé aṣọ kí oníbàárà tó fẹnu kò sórí iye rẹ̀, tí ẹ dì í, tí ẹ gbé e lé e lọ́wọ́, tí gbogbo àwọn tí ó wà ní ìsọ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un, ó lè sanwó. Ṣùgbọ́n bí ó bá délé, kò ní wí pé òun ra aṣọ. Yóò wí pé wọ́n tà á fún òun tipátipá. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba náà, bí wọ́n bá fún yín ní kúẹ́rì, wọ́n á dá ìgbà fún yín láti fi fèsì. Ẹni tí a sì fẹ́ kí ó bá wa gbé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, a kò fún un ní ìṣẹ́jú kan!

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ní àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ní Yikpata, Ìpínlẹ̀ Kwara. Agùnbánirọ̀ kan kúnlẹ̀ níwájú obìnrin ológun kan tí iṣẹ́ gbé dé ibẹ̀, ó na òrùka sí i. Obìnrin náà gbà, àwọn ènìyàn hó yèè, fídíò rẹ̀ sì tàn ká gbogbo Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ ológun mú obìnrin náà sí àtìmọ́lé. Wọ́n ní ohun tí ó ṣe nínú aṣọ ogun lòdì sí òfin iṣẹ́. Àwọn ènìyàn jiyàn lé e lórí títí. A kò ní dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tí ó bèèrè ni ọjọ́ àti ibi wà, ṣùgbọ́n orí ẹni tí a bi léèrè ni ẹrù náà wó lé. Bí ó bá kọ̀, a ó pè é ní ọ̀dájú lójú gbogbo ayé. Bí ó bá gbà, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà nínú ewu. Ta ni ó lè rí àyè wí láàrin ariwo bẹ́ẹ̀ pé, "Dìde ná, jẹ́ kí a sọ ọ́ nígbà tí mo bá bọ́ aṣọ iṣẹ́"?

Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n fi alárinà sáàárín. A máa ń yin alárinà nítorí pé ó mú "bẹ́ẹ̀ ni" wá. Iṣẹ́ rẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu kàn ni pé ó ń gbé "n kò fẹ́" padà wá láì jẹ́ kí ó dójú ti ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin lè sọ fún un lọ́nà odò pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀. Ọmọkùnrin á gbọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀, á jẹ ẹ̀dùn rẹ̀ tán, wọn á sì tún máa kí ara wọn lọ́jà. Bí ó bá sì fẹ́ ẹ, kì í tètè wí. Yóò máa fi falẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò jọ́hẹn, tí wọn yóò fún un ní owó ìṣíhùn. Ìgbà tí ohùn bá ti ṣí ni àwọn ẹbí tó lọ tọrọ rẹ̀, ẹ̀yìn ìtọrọ ni ìdána. Gbogbo ìlù àti ariwo, ẹ̀yìn ìjọ́hẹn ni wọ́n wà. Bí ọkọ bá sì ti mọjú aya tán, alárinà a yẹ̀bá.

A kò wí pé ayé àtijọ́ kò lábàwọ́n o. Wọ́n ti fi ọmọ fún ọkọ láti inú oyún wá, a sì mọ àwọn ìyá tí ẹnikẹ́ni kò bi ní ohunkóhun títí wọ́n fi bá ara wọn nílé ọkọ. Àwọn ẹbí ni èrò tí ó yí wọn ká nígbà náà, òun náà kò sì fi àyè ìdáhùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn Rèbékà. Ìránṣẹ́ Ábúráhámù dé láì ròtẹ́lẹ̀, ó kó wúrà àti fàdákà wá, àwọn ará ilé ti gbà, ó sì ń kánjú láti máa lọ. Síbẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó mú un lọ, wọ́n ní kí a pe ọmọ náà kí a gbọ́ ti ẹnu rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé ìgbéyàwó kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀, èé ṣe tí a fi ń bẹ̀rù èrò? Òótọ́ ni. Òfin Ìgbéyàwó ilẹ̀ wa pàápàá wí pé bí a bá ń so tọkọtaya pọ̀ nílé ìsìn, kí ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, láàrin agogo 8 òwúrọ̀ sí agogo 6 ìrọ̀lẹ́, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí òjíṣẹ́ tí ó ń so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ẹlẹ́rìí wá ṣe? Ó wá gbọ́ ìdáhùn, ohun yòówù kí ó jẹ́. Èrò tí ọmọkùnrin kó jọ pẹ̀lú orin àti kéèkì tí a ti kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí lára, ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n wá gbọ́. Ẹlẹ́rìí ń dúró ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Èrò yìí ń tì í lẹ́yìn kí ó lè sọ èyí tí wọ́n fẹ́. Òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ti ọdún 1970 sọ pé bí a bá fi ipá tàbí ẹ̀tàn gba ìfọwọ́sí ọkọ tàbí aya, kò sí ìgbéyàwó níbẹ̀ rárá. A kò wí pé pàtẹ́wọ́ jẹ́ ipá lójú adájọ́. A ní kí ọmọlúwàbí má ṣe dúró de adájọ́ kí ó tó mọ ohun tí ń fún ẹlòmíràn lọ́rùn.

Ǹjẹ́ kí a má ṣe bá ẹnikẹ́ni lójijì mọ́? Rárá o. Ayọ̀ dára, a sì mọ àwọn obìnrin tí inú wọn ń dùn títí di òní nítorí ọjọ́ náà. Wákàtí ni kí ó jẹ́ lójijì, kí ọ̀rọ̀ náà má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọkùnrin kọ́kọ́ jókòó ti ọmọbìnrin, àwọn méjì péré, kí wọ́n sọ ohun tí ó yẹ ní sísọ. Bí ìjọba bá gbé e lọ sí Sokoto tàbí Maiduguri, ṣé obìnrin yóò fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀? Ìyá ta ni yóò wá bá wọn gbé? Ẹ̀jẹ̀ wọn ńkọ́? Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS. Àwọn kan ń wọ òrùka lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn kí wọ́n tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Nígbà tí ìwé àyẹ̀wò bá dé, ojú á máa tì wọ́n láti bọ́ òrùka náà, nítorí pé gbogbo ayé ti rí fídíò. Ẹ gbà wá láyè kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: fídíò ni wọ́n ń bẹ̀rù, ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò sì jẹ ìrora rẹ̀.

Nígbà tí ó bá ti jọ́hẹn ní ìdákẹ́jẹ́, tí ó mọ̀ pé òrùka ń bọ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ ọjọ́, kí ọkùnrin wá dá gbogbo ọgbọ́n tí ó bá lè dá. Kí ó bi ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bóyá ó fẹ́ràn èrò. Ẹni tí ojú máa ń tì, àgbàlá ilé ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún ti tó o. Kí ó sì tẹ àwọn òbí láago ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà kí fídíò tó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Bàbá tí ó rí i nínú fóònù aládùúgbò pé wọ́n ti bi ọmọ òun léèrè, a bá òun náà lójijì, ẹnikẹ́ni kò sì fún un ní kéèkì.

Irú àìsàn kan náà ń ṣe àjọyọ̀ àwọn tọkọtaya tuntun. Ọkọ á fi gbèsè pamọ́ fún ìyàwó kí ó lè fi gbọ̀ngàn ńlá dá a lára yá. Wọ́n á ṣe ayẹyẹ nílé, wọ́n á tún ṣe òmíràn fún àwọn ará tí ó wà lókè níhìn-ín, aṣọ ẹbí méjì. Oṣù kejì ni olówó á kanlẹ̀kùn, ìyàwó á ní, "Èwo tún nìyí?" Nínú Deuteronómì, a dá ọkọ ìyàwó tuntun sí fún ọdún kan gbáko, kò gbọdọ̀ lọ sógun, a kì í sì í di ẹrù iṣẹ́ lé e, kí ó lè wà nílé kí ó sì mú inú aya rẹ̀ dùn. Ọdún kan ni o, kì í ṣe Sátidé kan. Oníṣòwò tí ó bá tètè ti ìsọ̀ lọ́jọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ se ọbẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ ẹ́, ti ń ṣe àjọyọ̀ náà.

Àwọn tí ń múra fún oṣù Kejìlá, kí wọ́n tètè lọ rí Rẹ́jísírà. Lẹ́yìn tí a bá ti fi ìwé fi lọ̀ ọ́, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ pé kí ó tó fún wa ní ìwé ẹ̀rí, ìgbéyàwó sì gbọ́dọ̀ ti wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ara ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì ni wọ́n ń lẹ ìwé ìfilọ̀ náà mọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá ti lè kà á.