Ẹ̀rọ àti Ẹni tí Ó Rán An Níṣẹ́

Bí baálé ilé bá rán ọmọ láti Ìkìrun pé kí ó gba Ìnísà lọ jíṣẹ́ ní Òkukù, "mo ti rán an" kì í ṣe àwíjàre bí iṣẹ́ náà kò bá dé. Bí ó bá wá jẹ́ ẹ̀rọ ni a rán ńkọ́?

Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹjọ, ọdún 2016, ọkọ̀ òfuurufú Emirates kan láti Íńdíà ń balẹ̀ ní Dubai. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ kí awakọ̀ tó pinnu láti tún gbéra. Ó tẹ bọ́tìnì tí ń pàṣẹ agbára fún ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti kan ilẹ̀, bọ́tìnì náà kì í jẹ́. Ọkọ̀ gòkè díẹ̀, eré rẹ̀ ń dínkù. Nígbà tí awakọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi agbára kún un, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àwọn 300 tí ó wà nínú rẹ̀ yè. Panápaná kan kú.

Ọmọ tí kò lè lọ yóò padà wá wí. Ojú dígí ni ẹ̀rọ ń kọ ìdáhùn tirẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá wò ó kò lè gbọ́. Lójú tèmi, a lè fi iṣẹ́ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Àmójútó rẹ̀ kò kúrò lọ́rùn ẹni tí ó rán an.