Ṣé Àṣìṣe Kan Tó Láti Fi Mọ Ènìyàn?

Àwọn àgbà ní ọjọ́ kan là ń bàjẹ́, ọjọ́ gbogbo lara ń tini. Òótọ́ ni wọ́n wí, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ṣùgbọ́n ṣé ó tọ́ kó rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Yakubu Aiyegbeni. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2010, ní Durban, Nàìjíríà ń bá South Korea gbá bọ́ọ̀lù níbi ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Bí a bá borí lọ́jọ́ náà, à bá kọjá sí ipele tó kàn. Ayila Yussuf gbá bọ́ọ̀lù kọjá sí iwájú ilé, àwọ̀n ṣófo gbayau, Yakubu ò jìnnà sí i ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ. Ó gbá a síta! Ọ̀mì 2–2 ni eré náà parí sí, a sì di ẹrù wa wálé.

Títí dòní, lórí pápá àwọn ọmọdé ní Ọ̀tùn níhìn-ín, ẹni tó bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá níbi tó súnmọ́, Yakubu lorúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn nínú wọn ò tíì dáyé nígbà náà o.

Lóde òní, àwọn oníṣirò ti wọ inú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Wọ́n á ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá láti ibì kan náà, wọ́n á wo bó ṣe jìnnà sí, bóyá ẹsẹ̀ ni tàbí orí, wọ́n á wá sọ mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó wọlé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe irú rẹ̀ sí bọ́ọ̀lù tiwọn, níbi ogún yáàdì tó kẹ́yìn. Pẹnáritì, nínú mẹ́rin, bíi mẹ́ta ló ń wọlé. Èyí tí Yakubu gbá síta yẹn ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ẹni tó bá rò pé ìṣirò wá láti bá a tọrọ àforíjì ni, ó ṣì í gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìṣirò ò jẹ́ kí ojú wa dúró síbì kan. Ó ní ọkùnrin yìí kan náà gbá bọ́ọ̀lù 95 sáwọ̀n ní Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ní sáà 2011 sí 2012, lẹ́yìn ti Durban, ó jẹ góòlù 17 fún Blackburn, ẹgbẹ́ tó já wálẹ̀ ní sáà náà. Àgbẹ̀ tó kọ igba ebè, tí iṣu ebè kan jẹrà, ṣé ọ̀lẹ la ó pè é?

Ìdí mìíràn wà tí mo fi fẹ́ràn ìwé yìí. Bí wọ́n bá ń ṣa ọmọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ọmọ ẹni tí wọ́n mọ̀ ló sábà máa ń wọlé. Ọmọ tálákà tó ti gbá mẹ́wàá sáwọ̀n, tó pàdánù ẹyọ kan lójú ọ̀gá, wọ́n á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Bí ó bá wà lákọọ́lẹ̀, ẹnu wọn á wọhò. Kì í ṣe àkọọ́lẹ̀ eré mẹ́ta o. Eré mẹ́ta ò tó fi mọ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Àwa náà kì í sì í ṣòótọ́. Rashidi Yekini jẹ góòlù 37 fún Nàìjíríà. Èwo la rántí? Ti Dallas, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, nígbà tó na ọwọ́ méjèèjì sínú àwọ̀n tó dì í mú. Kò sẹ́ni tó ní ẹyọ kan kéré jù láti fi yìn ín.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú àwọn oníṣirò. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn àṣìṣe Durban, a rí pẹnáritì. Ta ló gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀? Yakubu náà ni. Èpè ṣì wà lẹ́nu wa, ó jáde síwájú, ó sì gbá a wọlé. Lójú oníṣirò, pẹnáritì lásán ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń yọ pẹnáritì kúrò kí wọ́n tó ka góòlù ẹni. Ọkàn tó fi gbá a ńkọ́, ibo ni wọn ó kọ ìyẹn sí?

Bí èmi bá jẹ́ kóòṣì, ìwé ni n ó fi yan ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí pé irú ènìyàn wo ni Yakubu, pẹnáritì yẹn ni n ó sọ. Àwọn ọmọ tó ń fi orúkọ rẹ̀ bú ara wọn lórí pápá, kò sẹ́ni tó tíì sọ apá yẹn fún wọn.