Ṣé Ó Tọ́ Ká Lọ Kí Ará Ọ̀run Nílé Wọn?

Bódìjà, n'Ìbàdàn, ni Múfútàù ń gbé. Ilé eléégún ni wọ́n bí i sí, àmọ́ mùsùlùmí ni. Àbúrò rẹ̀, Ṣadé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, wá bá a nítorí àwọn ará ibiṣẹ́ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ fẹ́ kó mú wọn dé ojúbọ Eégún ìdílé wọn.

ṢADÉ: Ẹ̀gbọ́n, ọkàn mi ò gbà á. Bíbélì kọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ wádìí lọ́dọ̀ òkú. Tí mo bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, ṣé n ò tíì sìn ín?

MÚFÚ: Kíkí yàtọ̀ sí sísìn. Tí wọ́n bá ń pa obì, tí wọ́n ń dárúkọ àwọn baba wa, mo máa ń dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ àkàrà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fi bọ Eégún. Mo sọ ọ́ fún Alágbáà, olórí àwọn eléégún, kò sì bínú.

ṢADÉ: Ẹni tó bá rí yín lókèèrè ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ò jẹ?

MÚFÚ: Ohun tí mo ṣe ni màá jíhìn rẹ̀. Ní Japan, bọ́dún tuntun bá dé, ọ̀pọ̀ èèyàn á lọ sí ojúbọ Ṣíńtò, wọ́n á fomi ṣan ọwọ́ àti ẹnu kí wọ́n tó tẹríba. Púpọ̀ nínú wọn náà ló ń sin òkú wọn nílànà Búdà.

ṢADÉ: Tiwọn nìyẹn. Ìgbàgbọ́ tèmi ní kí n mú ọ̀kan.

MÚFÚ: Dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà, kí o sì sọ ìdí rẹ̀ fún onílé. Èyí tó burú ni kéèyàn wọlé onílé, kó máa fi fóònù ya ohun tí wọ́n ní kó má yà.

ṢADÉ: Mo gbà. Àmọ́ Eégún Olóòlù ńkọ́? Wọ́n ní obìnrin ò gbọdọ̀ rí i. Ṣé kí n torí ọ̀wọ̀ sá kúrò lójú títì lọ́jọ́ iṣẹ́?

MÚFÚ: Rárá o. Òfin ojúbọ, inú ojúbọ ni kó mọ. Títì jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹni tó ń fẹ́ ọ̀wọ̀ fún ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ tó ń kọjá. Ìyá Àgan tó joyè láàárín eléégún, ṣé kì í ṣe obìnrin ni?

ṢADÉ: Àá kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Alágbáà. Ẹni tí kò bá lè fi fóònù sápò, kó jókòó sílé. Èmi ò ní kúnlẹ̀.

MÚFÚ: Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ká tọrọ ààyè ká tó wọlé, ká má díbọ́n pé à ń sìn, ká má sì fi ọ̀wọ̀ òkú ni alààyè lára.