Kí A Tó Gún Ọmọ Ẹyẹ Nígi

Àwọn baba wa wí pé ẹni tí yóò bá fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bí yóò ti dùn ún tó. Wọ́n ti mọ èyí kí Ìwé Mímọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n sì wá gbọ́ orí keje Mátíù, níbi tí Olúwa ti kọ́ wa pé bí a bá ti ń fẹ́ kí a ṣe sí wa ni kí àwa náà máa ṣe sí ẹlòmíràn, ńṣe ni wọ́n mi orí, nítorí ọ̀rọ̀ ilé wọn ni wọ́n tún gbọ́. Òfin yìí ni ó yẹ kí ilé ìwé tí ó bá ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ fi máa tọ́ ọmọ. Ìgbàgbọ́ àti ìwé kì í sì í ṣe àlejò ní ìlú Warri tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ó ju igba ọdún lọ kí àwọn míṣọ́nárì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842 tí Olú, ọba ìlú náà, ti rán ọmọ rẹ̀, Dom Domingos, lọ kàwé ní ilẹ̀ Pọtogí, tí ọmọ náà padà wá jọba, Kristẹni sì ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ títí di òní. Ìlú tí ó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé òun kì í gbẹ́yìn, kò yẹ kí ó gbẹ́yìn níbi àánú.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ojú mi rí kọ mí lóminú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ní ilé ìwé ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ, àwọn ọmọ kọ orin ìyìn, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì ka oore-ọ̀fẹ́ fún ara wọn tán. Ojú wọn kò tíì là dáadáa tí akọ̀wé owó fi fa ìwé kan yọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn tí òbí wọn kò tíì san owó ilé ìwé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jáde, tí wọ́n dúró síwájú gbogbo ẹgbẹ́ wọn bí ẹni tí a mú níbi olè. Ọmọbìnrin kan fi ìwé orin bojú. Àwọn ọmọkùnrin tí ó wà lẹ́yìn hó lé e lórí, olùkọ́ tí ó ṣáájú àdúrà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó yá, a lé wọn jáde sí ojú títì nínú òjò, a kò bèèrè ẹni tí ó ní owó kẹ̀kẹ́ lápò àti ẹni tí kò ní.

Èmi kò wí pé kí a má gba owó. Olùkọ́ ń jẹun, ó sì ní ọmọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ gbèsè náà? Ìyá tí ń ta ẹja ní ọjà Ìgbúdù ni, tàbí baba tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ilé ìfọpo tí a ṣí ní 1978 ti di aláàárẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi kò sì wọ èbúté Warri bíi ti àtijọ́ mọ́. Ọmọ kò bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà. Bí akọ̀wé owó bá wí pé wọ́n rán òun ni, Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ inú Mátíù orí kejìdínlógún, ẹni tí ọba dárí ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì jì, tí ó jáde lọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí ọgọ́rùn-ún owó dínárì, ìtàn rẹ̀ ni a ń kà fún àwọn ọmọ wọ̀nyí nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, lẹ́yìn tí a ti fún wọn lọ́rùn tán.

Ọmọ tí ó rí i pé àgbà ń fi ìtìjú ọmọlàkejì ṣe eré, kí ni yóò ṣe nígbà tí òun náà bá di ọmọ kíláàsì òkè? Ní ọjọ́ 30 oṣù November 2021, ọmọ ọdún 12 kan tí ó ń gbé ilé ìwé olówó gọbọi kan ní Lekki kú ní Warri. Àwọn òbí rẹ̀ wí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó lù ú; ilé ìwé sẹ́; adájọ́ tí ó wádìí ikú náà sì wí ní 2024 pé àìsàn ni ó pa á. Èmi kò ní tún ẹjọ́ náà dá. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni pé, nígbà tí ìròyìn náà kọ́kọ́ jáde, n kò gbọ́ òbí kan tí ó wí pé irú lílù bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wa.

Nígbà tí ìjà àwọn ẹ̀yà Ìjọ́, Ìtsẹ́kírì àti Ùròbò gbóná ní Warri ní 1997 àti 2003, a rí ohun tí ìlú ń dà bí ọmọ bá dàgbà láìmọ bí ara ti ń ta ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ńṣì kan náà ni àwọn ọmọ wọn jókòó sí ní ilé ìwé.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé ní Warri àti Ẹfúrùn, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run Aláàánú, Ọba Adániwáyé, ẹ fi ìwé orúkọ àwọn onígbèsè sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Ẹ ránṣẹ́ pe òbí, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ gbà á láyè láti san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ yọ díẹ̀ nínú owó ìkórè ọdún yìí fún àwọn tí kò rí san rárá, kí ẹ má sì pe orúkọ wọn lórí pẹpẹ.